Ẹ Ṣọ́ Ẹnu Yín Lórí Ibùsùn Ẹni Tó Ń Kú Lọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Okun, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kí ara wa ní apá ibí. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín láìpẹ́ yìí, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ báyìí pé èèyàn kì í kú. Ó ní iyè gbogbo wa, ìyẹn ohun tí a fi ń mọ̀ pé a wà, dà bí òkun kan ṣoṣo tí a jọ ń lò, pé bí ara bá jẹrà, iyè á kàn padà síbi tó ti wá. Ó ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sí i mú un wá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Yàgbà àti Ìjùmú. Mo ti pa ojú òkú dé, mo sì ti gbẹ̀bí ìyá tí kò mọ̀ pé òun bímọ. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé aláìgbàgbọ́ ni mí, mo gbà pé ikú kọ́ ni òpin. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ìjọ wa nìyẹn, ìyá bàbá mi tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà sì gbà bẹ́ẹ̀ títí ó fi lọ. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ lọ́tọ̀, ohun tí ẹ̀rọ fi hàn lọ́tọ̀. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ohun tí ẹ̀rọ fi hàn ní ti tòótọ́, tó sì kan gbogbo ilé tó ní aláìsàn, la ó fò dá. Ohun tí mo rí pé ẹni yẹn fò dá nìyẹn.

Ó jọ pé iṣẹ́ Dókítà Sam Parnia ló ní lọ́kàn. Ní 2014, Parnia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹni 2,060 tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn 15 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Austria. Ẹni 330 ló yè é, wọ́n sì rí 140 nínú wọn fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Wọ́n ti kan pákó mọ́ ògiri sókè nínú àwọn wọ́ọ̀dù kan, wọ́n gbé àwòrán sórí rẹ̀ níbi tí ẹni tó wà nílẹ̀ kò ti lè rí i, pé bí ẹnì kan bá ní òun jáde kúrò nínú ara òun, kó sọ ohun tó rí lókè. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ẹni méjì tó rántí pé àwọn rí nǹkan, àwọn sì gbọ́ nǹkan, ibi tí kò sí pákó ni ọkàn wọn ti dá dúró. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé ohun tí àwọn oníṣègùn ń ṣe lára rẹ̀, títí kan ohùn ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ kí wọ́n fi iná gún un láyà, ó sì bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu.

Wọ́n tún ṣe èkejì, tó jáde ní 2023: ẹni 567 ní ilé ìwòsàn 25. Ẹni 53 ló yè é dé ilé, wọ́n bá 28 sọ̀rọ̀, 11 nínú wọn ní nǹkan kan wà tí àwọn rántí. Ibí ni ọ̀rọ̀ ìgbì ọpọlọ, ìyẹn iná kékeré tí ẹ̀rọ ń gbà láti ọpọlọ, ti jáde. Nínú àwọn kan, ìgbì tó jọ ti ẹni tí iyè rẹ̀ wà níbẹ̀ ṣì ń yọ nígbà tí wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n láyà fún ìṣẹ́jú 35 sí 60. Ẹni tó bá kà á láìfara balẹ̀ á ní òkú ń ronú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n láyà ni! Èmi náà ti tẹ àyà èèyàn títí apá fi ń gbọ̀n. Bí o bá ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ ló ń ṣe iṣẹ́ ọkàn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣì ń gun orí lọ. Ẹni yẹn kò tíì di òkú tí a lè gbé sin. Nínú ìwádìí kejì yìí, wọ́n gbé àwòrán síwájú wọn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún fi ohùn kan sí wọn létí tó ń dárúkọ èso mẹ́ta léraléra. Ẹnì kan péré ló rántí èso náà. Ẹnì kan kò tó fi gbé ẹ̀kọ́ kalẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí pé etí ni, kì í ṣe ojú.

Ní ọdún kan náà, Jimo Borjigin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan sọ nípa ẹni mẹ́rin tí wọ́n yọ kúrò lórí ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí. Ọpọlọ méjì nínú wọn ru sókè bí wọ́n ṣe ń kú lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá sọ ohun tó rí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀run ni wọ́n ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí fúnra mi.

Wọ́n gbé obìnrin kan wá láti ọ̀nà Ọ̀dọ̀-Erè lórí ọ̀kadà, àwọn méjì há a mọ́ àárín. Gìrì aboyún ló mú un. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga kọjá ààlà, ojú rẹ̀ wú, ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. A fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium tó ń dá gìrì dúró, wọ́n gbé e lọ sí tíátà, wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè. Ìyá kò mọ ara. Mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, mo tẹ èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò fà á sẹ́yìn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó sì sọ fún mi pé, “Ẹ bá wa tọ́jú ọmọ. Èyí ti lọ ní tirẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ̀ kí wọ́n wá gbé e.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Kò tíì fojú kan oorun láti òru, ẹ̀rù ló sì ń bà á.

Nígbà tó yá, ìyá ọmọ la ojú. Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sórin. Àbúrò ọkọ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó kọ̀ ọ́. Ó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn àfi ọmọbìnrin yẹn. Bó bá ti wọlé, ìyá ọmọ á kọjú sí ògiri. A rò pé ìdààmú ọkàn tó máa ń bá àwọn kan lẹ́yìn ìbímọ ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń tún ibùsùn rẹ̀ tẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Sístà, ṣé ẹ ránṣẹ́ sí ará ilé mi lóòótọ́, kí wọ́n wá gbé mi?” Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi bí àbúrò ọkọ ṣe sọ ọ́, kò yẹ̀ ẹ́ níbì kankan. Èmi àti ọmọbìnrin yẹn nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà náà, yàtọ̀ sí ọmọ ọwọ́. Èmi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé kí wọ́n tó pẹ̀tù sí i, kò sì tán nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Mi ò sọ pé obìnrin yìí lọ sọ́run bọ̀. Òun náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo àmì tí wọ́n kọ́ wa láti wò lára rẹ̀ ní kò sí nílé, ó sì wà nílé. Mo tún ti rí ọ̀pọ̀ tí omi ń dà lójú wọn bí àwọn ẹbí wọn ṣe ń jà lórí oko kaṣú àti kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. N kì í ka ìyẹn sí ẹ̀rí, ojú tí kò pa dé dáadáa máa ń ṣomi.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ ti wá bá wa wò ó. Ní 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Jàǹbá ọkọ̀ ti sọ ọ́ di ẹni tó kàn ń mí lásán. Wọ́n ní kó máa rò ó pé òun ń gbá tẹ́nìsì. Lẹ́yìn náà, kó máa rò ó pé òun ń rìn láti yàrá dé yàrá nínú ilé òun. Ọpọlọ rẹ̀ ṣe é, gẹ́lẹ́ bí ti ẹni tó lera. Ní 2024, ìwádìí ńlá kan tó kó ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè mélòó kan pọ̀ wo ẹni 241 tí kò dáhùn àṣẹ kankan lójú dókítà. 60 nínú wọn ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe nínú ọpọlọ wọn. Ìyẹn ni ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ní ti àwọn tó ń kú lọ gan-an, àwọn olùwádìí Yunifásítì British Columbia ní Kánádà fi ìró tó ń yí padà sí etí àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú ìkẹyìn, nígbà tó ku wákàtí mélòó kan kí wọ́n kú, tí wọn ò sì dáhùn mọ́. Ìwádìí náà jáde ní 2020. Ọpọlọ àwọn kan nínú wọn ń dá ìró náà mọ̀ bí ti ọ̀dọ́ tó lera. Wọn ò ní wọ́n lóye ọ̀rọ̀. Wọ́n ní etí ṣì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn sì tó mi.

Nípa pé iyè gbogbo wa jẹ́ ọ̀kan, àwọn ìbejì kan wà ní Kánádà tí wọ́n bí ní 2006, orí wọn lẹ̀ pọ̀, iṣan kan sì so ọpọlọ wọn pọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Àwọn ẹbí wọn sọ pé bí wọ́n bá bo ojú ọ̀kan, á mọ ohun tí èkejì ń wò. Ọ̀kan fẹ́ràn ọbẹ̀ tòmátì inú ìgò tí òyìnbó ń dà sórí oúnjẹ, èkejì kò fẹ́ ẹ rárá. Bí èyí bá ń jẹ ẹ́, èkejì á máa nu ahọ́n ara rẹ̀. Mo rò ó fún ọjọ́ pípẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Wọ́n jọ ń tọ́ ọ wò lóòótọ́, ọ̀kan sì kórìíra rẹ̀. Iṣan tí a lè rí lójú ló sì gbé adùn náà kọjá. Èyí kò jọ òkun kan ṣoṣo tí òǹkọ̀wé yẹn sọ pé gbogbo wa jẹ́.

Ohun tí àwọn àgbà wa sọ gan-an jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Nínú agboolé kan, bàbá àgbà kan náà lè mú kí ọmọ mẹ́ta jẹ́ Babátúndé, kí wọ́n sì tún máa lọ kí bàbá náà lójú oórì. Kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Wọn ò sì pe àwọn ọmọ mẹ́ta náà ní ẹnì kan. Olúkúlùkù ló ní orí tirẹ̀. Ní Bùnú láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa ń fi òwú pupa tí wọ́n tú lára aṣọ òkèèrè hun aṣọ ìpò, wọ́n ń fi í sin ìjòyè, egúngún sì ń wọ̀ ọ́ jáde láàárín àwọn alààyè. Ian Stevenson ti Yunifásítì Virginia, tó kú ní 2007, wá dé Nàìjíríà, láàárín àwọn Ìgbò pàápàá, láti ṣàkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ní wọ́n ti wá sáyé rí. Iṣẹ́ tó ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ilé tó ti sọ ọmọ ní Yétúndé kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ kò ní ṣàìrí ìyá àgbà nínú gbogbo ohun tó bá ṣe. Kò tó ẹ̀rí lójú tèmi. Àwọn tó hun aṣọ ìpò kò sì béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí inú fi ń bí mi ni pé a ń jiyàn lórí bóyá òkú ń gbọ́, a sì ń sọ̀rọ̀ lórí alààyè bí ẹni pé òkú ni. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń pín ilé bàbá wọn nígbà tí omi tí a so fún un ṣì ń kán sí i lápá. Mo ti rí wòlíì tó ń pariwo létí ìyá arúgbó pé àwọn àjẹ́ ilé rẹ̀ ló so ó mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti máa ń fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì pe ẹni tí kò mọ ara, tí wọ́n á yí i sí ọ̀tún, yí i sí òsì, láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kéékèèké, ẹ dárúkọ aláìsàn. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ yí i padà, ẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún un, kí ẹ tó ṣe é. Ẹ̀yin ẹbí, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ogún tàbí ti ìsìnkú, ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá jẹ́ àforíjì lẹ fẹ́ tọrọ, ẹ má jáde, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ ọ́ sókè kó gbọ́. Bó bá jẹ́ olóríkì, ẹ ki oríkì rẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ kọ orin tó mọ̀. Bó bá jẹ́ mùsùlùmí, ẹ ka Kùránì sí i létí, ẹ má pariwo. Ẹ̀yin tó ń darí ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹbí máa jókòó tì í lóru. Lílé tí wọ́n ń lé wọn síta nítorí àkókò àbẹ̀wò ti parí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ wọn kẹ́yìn.

Ìjọ, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó bá fẹ́ kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tó ń kú lọ, láti Kàbbà títí dé Ègbè, kí wọ́n kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ olóòtú. N kò gba owó.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìntì,
Mọ̀pà, Ìpínlẹ̀ Kogí