Dókítà Inú Ìwé Tí O Fi Ránṣẹ́

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Bọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìwé Agatha Christie, The Murder of Roger Ackroyd, tí o fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí mi dé, mo sì ti kà á tán. Òru méjì péré! Wọ́n mú iná lọ lóru kejì, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ka ìyókù.

O kú ìkà. O mọ ẹni tó pa Roger Ackroyd, o sì dákẹ́! Ohun tí o kọ sínú ìwé náà ò ju “Fara balẹ̀ kà á” lọ.

Ní tòótọ́, Caroline ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, ẹ̀gbọ́n Dókítà Sheppard tó ń sọ ìtàn náà fún wa. Ó lè má kúrò nínú ilé, kó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní King's Abbot, abúlé wọn. Àwọn ìyá ìsọ̀ ata àdúgbò wa àtijọ́ ni mo ń rí. Ti Poirot tún wá pa mí lẹ́rìn-ín: ògbólógbòó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀m tẹ́lẹ̀, dókítà wo irunmú rẹ̀, ó ní onígbàjámọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni! Inú wá bí baba sí elégédé tó ń gbìn, ló bá sọ ọ̀kan fò lórí ògiri, ó kù díẹ̀ kó ba dókítà létí. Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù ló sọ sí mi lọ́kàn, òun náà fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, iṣẹ́ ò fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi ilẹ̀kùn yẹn, Bọ́lá. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n mú lẹ́tà wọlé fún Ackroyd, dókítà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dókítà jáde. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń rò ó bóyá nǹkan kù tí òun ò ṣe. Mo ní ọmọlúàbí èèyàn nìyí! Ìgbà tí mo parí ìwé ni mo padà síbẹ̀, mo ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò purọ́ kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi pa Ackroyd ló kàn fò. Òun yìí kan náà ni wọ́n tún pè wá wo òkú!

Ìwọ tó o wà nídìí oògùn, ṣé ẹ ṣì ń ta Veronal, oògùn oorun tó pa Ìyáàfin Ferrars inú ìwé náà? Abájọ tí ọ̀rọ̀ oògùn fi yọ̀ mọ́ Agatha Christie lẹ́nu, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn nílé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìwé 1926 nìyí o.

Bàbá Tómi ló ń kà á lọ báyìí. Lálaalẹ́ ló ń búra fún mi pé Parker, ìránṣẹ́ ilé, ló ṣe é, pé dókítà ló máa tú u fó. Èmi ń gé ilá mi, mi ò fèsì.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnmi