Ẹ Bi Olúkúlùkù Kí Ẹ Tó Kọ Nọ́ńbà Rẹ̀ Sínú Ìwé Ẹgbẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ aláyò tí mo wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo sì mọ̀ pé kò yọ àwọn ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ mìíràn sílẹ̀, yálà ti àwọn tó ń gbá tẹníìsì orí tábìlì tàbí ti àwọn tó ń gẹṣin. Ohun náà ni ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́: kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, ta ló sì yẹ kó rí i?

Láyé àtijọ́, kàlẹ́ńdà ni ẹgbẹ́ ń tẹ̀ ní ìparí ọdún. Àwòrán olúkúlùkù àti orúkọ rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, a ó sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Lónìí, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ ìbí tòun ti ọdún rẹ̀, àti nọ́ńbà ìyàwó tàbí ọmọ ni akọ̀wé ń kó sínú fáìlì kan ṣoṣo, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp.

Àwọn kan ní kí a pa ìwé náà rẹ́ pátápátá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àwọn ará wa tó ń gbé Èkó kì í sábà wálé títí Iléyá fi dé, ìwé yìí ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó wà nílé tí wọ́n lè bá ta ayò kí ọjọ́ kẹta, tíí ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, tó pé. Ó sì ju ti ayò lọ. Bàbá kan wà nínú wa tí wọ́n ń dá gbé ní Pòrógun, tí wọn kì í pa ìpàdé jẹ. Nígbà tí a kò rí wọn, tí fóònù wọn kò sì lọ, nọ́ńbà ọmọbìnrin wọn tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ni a pè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá Bàbá dùbúlẹ̀. Ọmọ náà ló sáré gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ló kó bá ìyá kan nínú wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí pè wọ́n, ó pe orúkọ wọn ní kíkún, ó mọ àdúgbò wọn, ó tilẹ̀ kí wọn kú oríire ọjọ́ ìbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ó ní alága ló rán òun láti fi wọ́n kún ìpàdé orí fóònù, pé kí Màmá ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn fún òun. Màmá kà á, láìmọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ni WhatsApp fi ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó lórí fóònù mìíràn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, WhatsApp wọn ti bọ́ sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀, àwa náà sì ń rí ọ̀rọ̀ gbà ní orúkọ wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò owó kíákíá, màá dá a padà tó bá di ọ̀la.” Àwọn kan nínú wa fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe àìgbọ́n ìyá náà ló fà á. Àjèjì náà mọ ohun tí Màmá rò pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló mọ̀.

Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ará ìlú, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tún fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn. Ohun tó kàn wá jù nínú rẹ̀ ni pé dídákẹ́ ẹnì kan kì í ṣe gbígbà rẹ̀, àti pé ẹni tó gbà lónìí lè yí ọkàn padà lọ́la. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ń ṣe nínú ìpàdé wa. Alága á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i, gbogbo ilé á dákẹ́, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fẹnu kò. Ìyẹn dára bó bá jẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ ni a fẹ́ mú. Àmọ́, obìnrin tó ń sá fún ọkọ àtijọ́ tó máa ń lù ú, ṣé yóò lè dìde láàárín àwọn àgbà láti ṣàlàyé ìdí tí kò fi fẹ́ kí àdírẹ́sì òun jáde?

Nítorí náà, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún olúkúlùkù ní fọ́ọ̀mù tí yóò mú lọ sílé, kí ó sì sọ níwájú ohun kọ̀ọ̀kan bóyá kí gbogbo ẹgbẹ́ rí i, bóyá kí akọ̀wé nìkan mọ̀ ọ́n, tàbí kí a má kọ ọ́ rárá. Ẹni tí kò bá dá fọ́ọ̀mù padà, kí a má kọ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Kò sídìí láti kọ nọ́ńbà ilé àti òpópónà. Orúkọ àdúgbò, bíi Mọ̀lípà tàbí Ìwàdé, ti tó. Ọjọ́ àti oṣù ti tó fún ẹni tó fẹ́ kíni kú ọjọ́ ìbí, ọdún ni gbájú-ẹ̀ ń wá. Nọ́ńbà ìyàwó àti ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé, nítorí àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, a kò sì bi wọ́n. Kí a má sì fi ẹnikẹ́ni sínú ìpàdé WhatsApp láìgba àṣẹ rẹ̀, torí pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí nọ́ńbà rẹ̀.

Àwọn àgbà wa kan ń bínú pé kí ni àwa tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, ń fi pamọ́ fún ara wa. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo sì fọkàn tán ẹni tó jókòó sí òdìkejì ọpọ́n ayò mi. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ atún-fóònù-ṣe, àwọn ọmọ ilé rẹ̀ sì ń fi í ṣeré. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ìwé títẹ̀ tí orúkọ ẹni tó gbà á wà lára rẹ̀, tí yóò sì dá padà nígbà tí tuntun bá jáde, dípò fáìlì tí kò sẹ́ni tó lè kó o padà mọ́.

Inú mi yóò dùn bí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè bá lè kọ̀wé sí yín láti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn, nítorí ní ìpàdé wa tó ń bọ̀ ni a óò tún ìwé náà ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ẹgbẹ́ aláyò kan,
Mọ̀lípà, Ìjẹ̀bú-Òde.