Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ ní Àgbowó

Mọ́lété, Ìbàdàn.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Gbogbo ilé ń kí ọ. Ǹ bá fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pè, "Kò sí wàhálà, Mọ́mì" lo máa ń sọ, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Nígbà tí mo wá sí yàrá rẹ ní Sátidé tó kọjá, tó o lọ pọnmi, mo ṣí ìwé nóòtì kẹ́mísírì rẹ. Má bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta sẹ̀mẹ́sítà lo kọ nǹkan síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìlà mẹ́rin péré ni, ìkẹrin gan-an ò parí. Látibẹ̀ dé ẹ̀yìn ìwé, òfìfo ni. Mi ò sọ nǹkan kan. A jọ jẹ ìrẹsì, mo wọkọ̀ padà sílé, oorun ò sì kùn mí lóru ọjọ́ náà, torí mo ti rí irú ẹ̀ rí.

Lára àbúrò mi ni, Bọ̀ọ̀dá Mọ́níyà. Rewáyà lo mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ó lo ọdún méjì ní yunifásítì. Gbogbo ẹbí ló gbà pé owó ló dá a padà. Màmá àgbà ta aṣọ òfì wọn méjì, èmi náà gba àjọ, a kówó iléèwé jọ fún un. Ọdún kan lẹ́yìn tó ti délé ni mo ń fọ báàgì rẹ̀, tí mo bá apò ìwé kan nísàlẹ̀. Owó náà pé síbẹ̀. Rọ́bà tí màmá fi dì í, kò tú u rí. Ìdánwò ọdún kìíní ló fìdí rẹmi, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì í láti wọ kíláàsì, ó sì ń jìnnà sí i lójoojúmọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé oṣù mẹ́ta ni kò fi yọjú, ẹnì kan ò béèrè rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, a ka ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Vincent Tinto, tó kọ̀wé ní 1975 nípa àwọn tó ń fi iléèwé gíga sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kọjá ọpọlọ ọmọ. Ó tún wà lọ́wọ́ bí ọmọ ṣe wọnú ẹ̀kọ́ náà tó, àti bó ṣe wọnú àwọn èèyàn tó bá níbẹ̀ tó. Àbúrò mi ni mo rí níwájú mi bí mo ṣe ń kà á.

Mi ò sọ pé owó kì í lé ọmọ kúrò níléèwé o. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì náà ń lé wọn: ní 2022, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá ni ilẹ̀kùn fi tì, àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ òwò nígbà náà, òmíràn ò padà mọ́. Ṣùgbọ́n owó ṣeé sọ jáde. Láti 2024 ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀, ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé. Bó bá jẹ́ owó ni, a ó jọ wá a. Èyí tó o ń gbé mì ni mò ń bẹ̀rù.

Lọ bá olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ rẹ lọ́sẹ̀ yìí, sọ fún wọn pé o ti wà lẹ́yìn. Ọdún 19 ni mo ti ń kọ́ọ̀yàn, ọmọ tó wá sọ pé "Kò yé mi, mà" kò bí mi nínú rí. Èyí tó ń mi orí lẹ́yìn kíláàsì ni àyà mi máa ń já fún. Ọmọbìnrin ìdojúkọ yàrá rẹ, tó yá wa ní kẹ́tù lọ́jọ́sí, bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ jọ máa kàwé, kó lè kanlẹ̀kùn bó ò bá yọjú. Bí carryover bá sì wà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó o gbọ́dọ̀ tún ṣe, sọ fún mi, kò ní pa mí. Bó bá jẹ́ pé kẹ́mísírì gan-an kọ́ ló wù ọ́, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Wá sílé ní Sátidé. Màá ro àmàlà, gbẹ̀gìrì á wà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Mọ́níyà náà ń bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ, ó sì ti gbà. Mú ìwé kẹ́mísírì yẹn dání.

Èmi ni,
Mọ́mì rẹ.