Lẹ́tà sí Àǹtí Mi Tó Ń Rìn Láràárọ̀

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ sì kú iṣẹ́ ẹsẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí fóònù lálẹ́ àná: pé láti ìgbà ọdún Àjíǹde ni òṣùwọ̀n ti há sórí kílò 84, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi ìrìn òwúrọ̀ yín láti Alágbàká dé Ọjà Ọba ṣeré. Ẹ ní ẹ ó máa rìn ní ìrọ̀lẹ́ náà báyìí, ẹ ó sì pa oúnjẹ alẹ́ tì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe é.

Kílò 97 lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kílò 13 tẹ́ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ yẹn wúwo ju kẹ́ẹ̀gì epo lítà mẹ́wàá lọ. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni ru kẹ́ẹ̀gì yẹn lẹ̀ ń lọ sọ́jà láràárọ̀; ní báyìí, kò sẹ́rù lórí yín mọ́. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ ti dín kù. Kódà bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, agbára tí ara yín ń ná láti mí àti láti móoru kò tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ara tún máa ń di ahun nígbà tó bá rí i pé ọ̀rá ń lọ. Ọ̀rá ló ń tú leptin jáde, èyí tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nípamọ́. Bí ọ̀rá ṣe ń dín kù ni leptin ń dín kù, tí ghrelin tó ń pe ebi sì ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ yé sọ pé ọ̀kánjúwà ló ń gbé yín lọ sí ìdí fíríìjì láago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹ wo àwọn Hadza ní Tanzania, àwọn tó ń ṣọdẹ, tó ń wa isu inú igbó jẹ. Ní 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí wọn. Wọ́n ń rìn ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ dáadáa, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ro ti bí ara kálukú ṣe tóbi mọ́ ọn, agbára tí wọ́n ń ná lóòjọ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yẹn. Ìrìn dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó dára fún oorun, ẹ má fi í sílẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni ìdí ààrò.

Mi ò ní sọ fún ọmọ Àkúrẹ́ pé kó má jẹyán, mi ò fẹ́ wàhálà. Òkèlè ni kẹ́ ẹ dín kù, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja dípò rẹ̀. Epo gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, nígbà tí ti sítáàṣì inú iyán tàbí ti purotéènì inú ẹran jẹ́ bíi 4. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó nǹkan bíi kálórì 120, ìrìn bí ìdajì wákàtí ni yóò gbà yín kẹ́ ẹ tó ná an tán. Ta ló sì ń fi ṣíbí wọn epo nílé wa? Inú ìgò là ń da á, títí tí yóò fi léfòó lórí ẹ̀fọ́. Ká má tíì dárúkọ mọ́ọ̀tì òde ọjọ́ Sátidé, àti ẹran tẹ́ ẹ̀ ń tọ́ wò nínú ìkòkò. Ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu fún ọ̀sẹ̀ kan, láìyí nǹkan kan padà. Lẹ́yìn náà la ó mọ èyí tá a ó gé.

Ẹ máa fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja sí oúnjẹ gbogbo, torí iṣan ara. Iṣan náà ni ìrìn yín kò kàn tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, kó sì ṣiṣẹ́ iṣan lọ́jọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ ti ṣe ti àkọ́kọ́ kọjá. Fún èkejì, ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, ẹ máa ti ògiri, ẹ rọ yẹ̀pẹ̀ sínú ìgò omi méjì kẹ́ ẹ máa gbé e sókè sódò. Bí ọlidé bá dé, a ó jọ gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ẹ ó dúró dè mí lókè ni.

Téèpù télọ̀ yẹn, ẹ fi wọn ìbàdí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Iyọ̀ àti omi lásán lè fi kílò kan tàbí méjì kún òṣùwọ̀n, kí ìbàdí ṣì máa dín kù. Bó bá ń rẹ̀ yín ṣáá, tí òtútù ń mú yín, tí irun ń já, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ tọ́rọ́ìdì yín, ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn, wò, kẹ́ ẹ sì fi gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò hàn án.

Tíì tí wọ́n ní ó ń dín sísanra kù, tẹ́ ẹ rà lọ́jà, ńkọ́? Ẹ dà á nù. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ewé sẹ́nà ló wà nínú rẹ̀: ìgbẹ́ àti omi ló ń ṣàn lọ, ọ̀rá kò kúrò níbi tó wà.

Ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp lálaalẹ́. Ẹ̀pà tẹ́ ẹ̀ ń jẹ lójú ọ̀nà wà lára ohun tí ẹ ó kọ o.

Àbúrò yín ní Oǹdó