Ẹ yọ ṣájà kúrò lára iná kí ẹ tó ní Rọ́ṣíà ni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn kan ń pín in kiri pé rédíò Rọ́ṣíà tó ń kùn lórí 4625 kHz, èyí tí wọ́n ń pè ní UVB-76 tàbí The Buzzer, ló ń dá bọ́ǹbù dúró: ọjọ́ tó bá dákẹ́, ayé parẹ́ nìyẹn. Ó kúkú ti dákẹ́ rí. Ní oṣù Kẹfà 2010, a ò gbọ́ ọ fún bí ọjọ́ kan. Ilẹ̀ mọ́, gaàrí ṣì wà lọ́jà.

Ohun tí àwọn tó ń tẹ̀lé e gbà ni pé àwọn ológun ló ni ín. Kíkùn yẹn dà bí ẹni tó fi báàgì lé àga lóde àríyá, kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ gangan ni ohùn èèyàn tó máa ń já lù ú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń ka nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ kan ní èdè Rọ́ṣíà.

Àmọ́ ariwo ṣájà àti gúlóòbù LED ni ẹlòmíràn ń pè ní Buzzer. Ẹ fi bátìrì tan rédíò, kí ẹ yọ ṣájà kúrò lára iná. Ẹ ka kíkùn náà: bíi 25 ni láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ yí rédíò kúrò lórí 4625 pẹ̀lú 10 kHz, bíi sí 4635. Bí ariwo náà bá tẹ̀ lé yín, tinú ilé yín ni. Bí rédíò yín bá ní SSB, ìyẹn ètò tó ń gba apá kan ìgbì ṣoṣo, orí USB (apá òkè ìgbì, kì í ṣe USB ti ṣájà) ni ẹ ti máa gbọ́ Buzzer. Ariwo ṣájà ò mọ USB yàtọ̀ sí LSB, apá ìsàlẹ̀.

Òru ni kí ẹ gbìyànjú, torí oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ́ kí òfúrufú gbé ìgbì yìí mì. Wáyà mítà mẹ́wàá níta, tó jìnnà sí wáyà iná, sàn ju ọ̀pá ara rédíò lọ. Ẹ tú u bí òjò bá ṣú, nítorí àrá. Bí kò bá wọlé síbẹ̀, rédíò Yunifásítì Twente ní Netherlands wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn. Ẹ fi tiyín wé e.

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn èèyàn náà, aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni kí ẹ kọ sílẹ̀: mẹ́sàn-án alẹ́ ní Nàìjíríà, 20:00 ni. Nọ́ńbà tí ẹ ò bá gbọ́ dáadáa, ẹ fa ìlà síbẹ̀. Ẹ má méfò.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn