Makassar wọlé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé

Bàbá Ìbejì mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́, mo mọ̀ pé òtútù Manchester á ti máa fojú yín rí nǹkan báyìí. Má bínú pé mi ò gbé ìpè ẹ lálẹ́ Sátidé o, bí Ààrẹ gan-an ló pè mí lásìkò yẹn mi ò ní gbé e. Etí mi wà nínú rédíò. Makassar wọlé, ọ̀rẹ́ mi!

Mo mọ̀ pé wàá ní Makassar wo tún nìyẹn. Ìlú ńlá kan ni létí òkun ní erékùṣù Sulawesi, ní Indonesia lọ́hùn-ún, láti Ìbàdàn débẹ̀ ó ju kìlómítà 12,000 lọ. RRI ni wọ́n ń pe rédíò ìjọba wọn, Radio Republik Indonesia, orí 4750 kilohertz ni mo sì ti gbọ́ ti Makassar, shortwave 60 míítà, irú rédíò tó ń gba òfúrufú rìn jìnnà. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ibi eré rárá, Bangladesh wà níbẹ̀, Ṣáínà wà níbẹ̀, wọ́n á gorí ara wọn débi pé o ò ní mọ ẹni tó ń kọrin yàtọ̀ sẹ́ni tó ń ka ìròyìn.

Ohun tó bá mi ṣe é lọ́jọ́ náà ni pé NEPA mú iná. Tí iná bá wà ládùúgbò wa, rédíò á kàn máa kùn ni, chájà fóònù, gílóòbù LED, ìnfátà ilé kejì, gbogbo wọn ló ń da ariwo sínú shortwave. Bí wọ́n ṣe mú iná lọ tí gbogbo kọ́mpáùǹdù ń ṣe "háà", èmi ń dúpẹ́ nínú yàrá. Landlord ò sì ní pẹtiróòlù nínú jẹnẹrétọ̀, ìyẹn náà tún jẹ́ àánú. Òjò ti ń dáwọ́ dúró níbí, mànàmáná ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ tí á máa ta pàrà-pàrà síni létí. Mo na wáyà gba ojú fèrèsé dé orí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé (ìyá Tóbi ti sá tówẹ̀lì sórí ẹ rí, mo ní kó jọ̀ọ́), mo fi kílípì há a mọ́ ẹ́ríà rédíò Tecsun kékeré yẹn, mo jókòó.

Ó ń lọ sí bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Bangladesh ti ti ilé ẹ̀, òru jìn lọ́dọ̀ tiwọn. Mo kọ́kọ́ ń gbọ́ nǹkan tó ń wá tó ń lọ, ó ga, ó rì, ó tún ga, ìgbà tó fi máa dúró dáadáa, ọkùnrin kan ló ń ké Kùránì pẹ̀lú ohùn tútù kan báyìí, ó parí, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun àsùbáà. Ìwọ náà wò ó, mọ́ṣáláṣí tiwa níbí ò tíì pẹ́ tó kírun ìṣáì tán, àwọn ti jí. Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Ìgbà tó yá ọmọbìnrin kan wọlé, ó ní "selamat pagi", ẹ káàárọ̀ nìyẹn, ó wá dárúkọ, mo gbọ́ ọ ketekete, "Radio Republik Indonesia Makassar". Mo pariwo débi pé Tóbi sáré wọlé, ó rò pé ẹni tí mò ń tì lẹ́yìn ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Oòrùn ni ọ̀tá àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn, lójú ọ̀sán òfúrufú kàn máa ń gbé wọn mì ni, àfi tílẹ̀ bá ṣú láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó lè máa ta láti òkè bọ́ sílẹ̀, láti ilẹ̀ padà sókè, títí wọ́n á fi dé etí wa. Ìyẹn ni mo ṣe mọ̀ pé mi ò ní pẹ́ pàdánù wọn. Nígbà tó di bí aago mẹ́wàá àbọ̀ tí ojúmọ́ ń mọ́ ní Makassar, ohùn wọn tiẹ̀ kọ́kọ́ le sí i, àfi bí wọ́n ṣe rọra pòórá tí Ṣáínà gba gbogbo ilé.

O bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí mi ò kàn gbọ́ wọn lórí fóònù. Mo lè gbọ́ wọn lórí fóònù, ṣebí RRI wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n èmi ò wá ìròyìn Indonesia lọ síbẹ̀. Tó bá ṣe ìròyìn ni, wọ́n ní Voice of Indonesia fún àwa ará ìta, Òyìnbó, Faransé, Lárúbáwá, oríṣiríṣi, nígbà kan 9525 ni wọ́n ní àwọn wà àmọ́ 9526 lo ti máa ń bá wọn, gbogbo àwa tá a ń ṣe nǹkan yìí la mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Káàdì tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ lo gbọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ẹ, pálọ̀ àlejò nìyẹn, wọ́n ti gbálẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Makassar ò mọ̀ pé mo wà láyé. Àwọn ará ilé wọn ni wọ́n ń jí, orin dangdut, ìkíni, ìròyìn tí wọ́n gbà láti Jakarta, èmi kàn wà létí ògiri ni. Ìyẹn ni mo ń wá.

Ìwọ tó o fẹ́ràn ìtàn, gbọ́ eléyìí. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1945 tí Sukarno, olórí wọn, kéde òmìnira Indonesia, àwọn Japan ló ṣì di ilé rédíò Jakarta mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Jusuf Ronodipuro, ka ìkéde náà sórí afẹ́fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn sójà Japan sì lù ú bí ẹni máa kú. Kò kú o. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá RRI sílẹ̀. "Sekali di udara, tetap di udara" ni wọ́n ń sọ títí dòní, pé táwọn bá ti gun afẹ́fẹ́, orí afẹ́fẹ́ náà làwọn máa wà.

Hmm. Àwọn RRI ìlú mìíràn ńkọ́, Ternate lórí 3345, Serui lórí 4605, Fak-Fak lórí 4790? Orílẹ̀-èdè tó ní erékùṣù tó ju 17,000 lọ, shortwave ló ń so wọ́n pọ̀ nígbà tí FM ò lè kọjá òkè kan, ní báyìí púpọ̀ nínú wọn ti dákẹ́ lórí ẹ̀, FM àti fóònù ti gba iṣẹ́ náà. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ẹ̀rọ yẹn ń jẹ iná bí nǹkan míì. Àwa náà ńkọ́, Rédíò Nàìjíríà Ìbàdàn lórí 6050 tá a fi dàgbà? Nígbà tí Èkó ń sọ̀rọ̀ lórí 3326, ta ló tó gbọ́ RRI Palangkaraya lórí 3325 láti ibí? Ìgbà tí Èkó kúrò lójú ọ̀nà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ etí síbẹ̀.

Mo ti kọ ìròyìn ohun tí mo gbọ́ ránṣẹ́ sí wọn ní Makassar, èdè wọn ni mo fi kọ ọ́ bó ṣe wù kó mẹ́hẹ tó, àkókò, orin, ohùn tó wọlé, bó ṣe le tó, mo so ohun tí mo fi fóònù gbà pọ̀ mọ́ ọn. Mò ń retí ìdáhùn.

Ìwọ náà gbìyànjú ẹ̀ o, láti bí aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ lọ́dọ̀ ẹ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́wàá, ọ̀nà ò jìn sí ìwọ jù mí lọ. Jáde sí gádìn, jìnnà sí router yẹn, bátìrì ni kó o lò, má lo chájà. Tó o bá gbọ́ orin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Rayuan Pulau Kelapa, Ismail Marzuki ló kọ ọ́, RRI nìyẹn, má yí i kúrò.

Tí ẹ bá rẹ́ni tó ń bọ̀ nílé fún Kérésì, jọ̀ọ́ bá mi fi àwọn ferrite tí wọ́n ń há mọ́ ara wáyà kó lè dín ariwo iná kù ránṣẹ́, oríṣi tó ń ṣí tó ń pa dé, kó o rà á dáadáa nítorí ìnfátà ilé kejì. Ṣokoléètì kọ́ o, mo bẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí ìyá ìbejì.

Èmi ni,
Bàbá Tóbi