Màmá tó ń pàlọ́ fún mi

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ẹ, iṣẹ́ ni ò jẹ́. O mọ̀ pé Tennessee ní Amẹ́ríkà ni mo wà báyìí, lápá òkè Appalachia, Jonesborough tí wọ́n ti ń ṣọdún ìtàn sísọ látọdún 1973 ò jìnnà sí wa rárá, àmọ́ màmá àgbàlagbà tó wà nílé kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Bọ́lá, màmá yìí ń pàlọ́!

Sátidé tó kọjá wọ́n ní kí n wá bá àwọn ṣa ẹ̀wà tútù, odindi pẹ̀lú èèpo ẹ̀ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ sín sójú òwú bí ìlẹ̀kẹ̀ kó lè gbẹ dìgbà òtútù ("ṣòkòtò awọ" ni wọ́n ń pè é tó bá ti gbẹ o), bá a ṣe ń ṣe é lọ ni wọ́n bá bi mí: ilé kún, àgbàlá kún, ẹnì kan ò lè bu ṣíbí kan níbẹ̀. Mo ní èéfín! Wọ́n tún ní: ó wọ́ bí òṣùmàrè, eyín ẹ̀ dà bíi ti ológbò, rò ó títí ayé o ò ní mọ̀ ọ́n. Mo ní ayùn, mo ní dòjé, wọ́n ní rárá, wọn ò sì sọ ọ́, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ sílé. Ọjọ́ kẹta mo ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá, igi blackberry kan fa síkẹ́ẹ̀tì mi mú, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kí n yọ ọ́ ni mo rí i bí ẹ̀ka ẹ̀ ṣe tẹ̀ wálẹ̀ bí ọrun tẹ́gùn-ún kéékèèké sì tò sí i lára, ni mo bá pariwo, ẹ̀gún ni! Mo sáré lọ kanlẹ̀kùn wọn. Adùn ẹ̀ nìyẹn jàre, iwájú ẹ ló wà látọjọ́ yìí.

Èmi náà wá pa tiwa fún wọn, òrúkú tindí tindí tó bí igba ọmọ tí gbogbo wọn lé tìróò, mo rò pé ìyẹn á ta kókó fún wọn, kíá ni wọ́n ní ẹ̀wà! Ṣó o rí i, "ẹ̀wà olójú dúdú" ni wọ́n ń pe ẹ̀wà wa níbí, apá ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà ló sì ti débẹ̀, wọ́n máa ń sè é lọ́jọ́ ọdún tuntun. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ó yá, tìẹ rèé: ó ń yí ilé po, ojú ipa kan ṣoṣo ló ń fi sílẹ̀. Má bi Google o, má sì bi ọkọ ẹ. Ó wà lọ́dọ̀ yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń kọ́lé yẹn, ojú mi ló ṣe. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n, fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Yẹ́misí